Iná Tí Kì í Wojú Ẹni

Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ tó já mi sílẹ̀ ní Tunga Low Cost, nílùú Minna, kò sì sí iná. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fẹ́ Tápà ará Bídà tó sì ti di ará Minna tán, gbé àga síwájú ilé fún mi, ó bu omi wá, ó wá ń bèèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. A ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọkùnrin kan yọ láti ẹ̀yìn ilé aládùúgbò. Tọ́ọ̀ṣì wà níwájú orí olúkúlùkù wọn, eruku òkúta ti sọ ìpéǹpéjú wọn di funfun. Ó ku ìṣísẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n kàn wá ni gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè, tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo iná orí wọn. Inú òkùnkùn yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi: "Sannu da hutawa, Mama." Ó dá wọn lóhùn, ó fi èdè Tápà bi ọ̀kan nínú wọn léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Wọ́n kọjá wa tán pátápátá kí iná wọn tó tún là.

Ní ìlú wa ní Ìjẹ̀ṣà, bí a bá pàdé ènìyàn lóru, ojú rẹ̀ ni à ń taná sí. "Ta nìyẹn?" Ọlọ́dẹ àdúgbò ń ṣe é, baálé ilé ń ṣe é, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó kà á sí àrífín. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ìdí tí àwọn wọ̀nyí fi bo tiwọn. Ó ní, "Àwọn tó ń wọ ihò góòlù ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀ ló ti mọ́ wọn lára. Bí o bá taná sí ẹnìkan lójú níbẹ̀, ìjà ni."

Kì í ṣe irú ẹ̀kọ́ tí mo rò pé mo lè bá lọ́wọ́ awa-góòlù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ góòlù kò ṣàjèjì sí wa nílé. Ìtàgúnmọ́dì kò jìnnà sí Iléṣà. Oko kòkó ni a fi ń mọ̀ wọ́n kí àwọn awakùsà tó ya dé. Ní báyìí, kòtò ló kún ibẹ̀, omi pupa ló wà nínú wọn, igi kòkó ẹlòmíràn sì ti wó sínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Ṣẹ̀gilọlá, lẹ́bàá Ìpérindó, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ góòlù tirẹ̀ ní ọdún 2021, ìwé àṣẹ sì wà lọ́wọ́ àwọn yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi dígà àti ṣọ́bìrì ṣiṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti òkè ọya, ni à ń bú. A ní wọn kì í kí ènìyàn, a ní wọn ò mọ àgbà, a ní owó nìkan ni wọ́n mọ̀. Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀, mo sì gbé e dé Minna.

Ní àárọ̀, másà ni wọ́n fi jí wa, gbígbóná láti inú agbada oníhò, pẹ̀lú ọbẹ̀ elégédé tí wọ́n ń pè ní taushe. Ìrẹsì tí wọ́n fi ṣe é ti kan díẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọbẹ̀ náà gan-an. Àlàájì, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, kò yára jẹun. Ó ń sọ̀rọ̀ Galkogo fún mi. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ilẹ̀ ya lu àwọn òṣìṣẹ́ nínú kòtò góòlù ní abúlé yẹn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Shiroro. Òjò ti mu ilẹ̀ yó. Wọ́n fa àwọn kan yọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ há sísàlẹ̀, àwọn agbébọn tó ń yọ agbègbè náà lẹ́nu sì mú kí iṣẹ́ ìdóòlà nira. Àlàájì ní kò sí ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ yẹn tí fóònù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, títí dé Tunga níbí. Ó ní bí mo bá fẹ́ mọ àwọn ọmọ tó kí wa lálẹ́ àná, òun á mú mi lọ, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ dé Kasuwar Gwari ná. "O ò lè wọ ibẹ̀ pẹ̀lú iná fóònù."

Ọmọ Tápà kan ló ń tún tọ́ọ̀ṣì ṣe lọ́jà náà, lórí tábìlì tí kò fẹ̀ ju àtẹ alátẹ lọ. Ó ń tú bátìrì kọ̀ǹpútà àgbélétan tó ti kú, ó ń yọ àwọn bátìrì róbótó inú rẹ̀ jáde. Nọ́ńbà 18650 ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí mílímítà 18 ni ìbú wọn, 65 sì ni gígùn. Ó ń fi mítà wọn ìkọ̀ọ̀kan: èyí tó ṣì lágbára, ó tò ó sí ọ̀tún, èyí tó ti rẹ̀, ó jù ú sínú garawa. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí mítà. Mo ní mo fẹ́ ra tọ́ọ̀ṣì orí. Ó bi mí léèrè pé, "Ti ọdẹ ni àbí ti ihò?"

N kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Ó tan ti ọdẹ sí ògiri ìsọ̀ òdìkejì: iná náà ṣù jọ, ó le, ó lọ tààrà. Ó wá gbé irú rẹ̀ mìíràn, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ike funfun láti ara kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti ṣófo, ó gé e róbótó bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gíláàsì tọ́ọ̀ṣì náà. Iná yẹn kò lè dé òdìkejì mọ́, ṣùgbọ́n ó tàn ká gbogbo orí tábìlì, ó rọ̀ lójú. "Ti ihò nìyí. Kò sí ibi tó jìn níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ wò." Kò sì fẹ́ ta ẹyọ kan fún mi. Ọ̀kan fún iṣẹ́, ó ní, ọ̀kan fún àbọ̀. Àwọn òyìnbó tó ń wọ ihò inú àpáta fún ìgbádùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà le jù ú lọ: iná mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ ara wọn pé kí ẹnìkan mú dání, kí èkejì àti ẹ̀kẹta má gbára lé èkíní.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ tó sọ yẹn bá mi lọ sílé. Àbúrò bàbá mi ń ṣọdẹ òru, fìtílà kábáàdì ló sì ń dè mọ́rí kí iná oníbátìrì tó gbòde. Ìgò méjì ló wà lára rẹ̀, omi lókè, kábáàdì nísàlẹ̀, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò. Bí omi bá ti ń kán sí i, gáàsì á jáde, iná á mú. Awakùsà káàkiri ayé ló lo irú fìtílà yìí láti bí ọdún 1900 wá. Ṣùgbọ́n ojú ni iná ọdẹ ń wá. Bí ó bá bá ojú ẹran pàdé, ojú náà á dán padà, ẹran á dúró, ìbọn á sì dún. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iná orí kí n tó dé Minna, inú iṣẹ́ pípa yìí ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ń ṣe mí bíi pé ara rẹ̀ ni a ti kọ́ ìwà tí à ń hù sí ara wa lóru ní ìgboro.

Abúlé tí Àlàájì mú mi lọ kò jìnnà sí ọ̀nà Paiko. Wọ́n bẹ̀ mí kí n má dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Àgbàlagbà Gbagyi kan ni olórí ibẹ̀. Baba ni àwọn ọmọ ń pè é, èmi náà pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nítorí ó ti ṣe lébìrà ní Ìlọrin rí. Èyí tí kò bá lè sọ, Àlàájì á bá a sọ ọ́. Kò bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Tọ́ọ̀ṣì mi ló kọ́kọ́ gbà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó wo bí ẹran ọwọ́ rẹ̀ ṣe pọ́n nínú iná, ó mi orí. Ó bèèrè èkejì, mo fà á yọ nínú àpò. Ó ní kí n so ó mọ́ ọrùn, nítorí ọwọ́ tó kún fún ẹrẹ̀ kì í tètè rí àpò nínú òkùnkùn.

Ó wá sọ èyí tó kà sí gidi. "Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́, ọwọ́ ló ń darí rẹ̀. Eléyìí, orí rẹ ni. Ohunkóhun tí o bá yíjú sí, o ti taná sí i. Bí ẹnìkan bá pè ọ́, ẹnu ni kí o fi dá a lóhùn, kí ojú rẹ wà nílẹ̀. Bí o bá gbọ́dọ̀ wò ó, àyà rẹ̀ ni kí o wò." Kò sí àwàdà nínú ohùn rẹ̀. Ojú tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lè lo tó ìdajì wákàtí kó tó bá òkùnkùn mọ́ra tán; bí iná líle bá kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ yẹn dòfo. Lórí ilẹ̀, ẹni tí iná bá là lójú á dúró, á fọwọ́ nu ojú. Nínú ihò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lè wà lórí òkúta, kí èkejì máa wá ibi tí yóò tẹ̀.

Okùn la dì mú sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ibi ìtẹ̀sẹ̀ sí ògiri lọ́tùn-ún lósì, igi sì gbé erùpẹ̀ ẹnu ihò dúró. Ẹni tó ń ṣọ́ okùn lókè ti pa iná rẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ tí kì í gbójú sókè. Ní ìsàlẹ̀, ihò náà yà sí ẹ̀gbẹ́, ó ń tẹ̀lé ìlà òkúta funfun kan tó ń gba inú òkúta dúdú lọ. Inú funfun yẹn ni góòlù wà. Ibẹ̀ móoru, ó há, ẹ̀yìn mi kò lè nà tán. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ti Ìtàgúnmọ́dì, níbi tí oòrùn ti ń ràn sí gbogbo kòtò, tí ènìyàn lè wo ẹnikẹ́ni bó ṣe wù ú.

Ọmọkùnrin kan wà níwájú. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń fi òòlù lu irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́ òkúta. Kí a tó kàn án, Baba dúró. Ó yí orí sí ògiri, ó fa iná rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Sannu da aiki." Ó sì dúró. Ọmọ náà lu irin lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó gbé òòlù sílẹ̀, ó dojú iná tirẹ̀ kọ ilẹ̀, kó tó dáhùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, àgbà dojú kọ ògiri, ọmọ dojú kọ ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wo ẹnìkejì títí ọ̀rọ̀ fi parí.

Mo ti ń ronú sí èyí láti ìgbà náà. Nílé wa, ọmọ ni kì í wo àgbà lójú. Àgbà lè wo ọmọ bó ṣe fẹ́. Ó tilẹ̀ lè ní kó gbójú sókè kí òun mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa. Ìbọ̀wọ̀ tiwa ń gòkè ni, bóyá ni ó ń sọ̀ kalẹ̀. Níbí, ẹni tó ni ihò, tó ń pín owó, tó lè ní kí ọmọ yẹn máa lọ sílé kó tó di ọ̀sán, òun ló kọ́kọ́ yíjú sí ògiri, òun ló sì dúró de òòlù. Kò ṣe é láti fi hàn mí. Kò rántí pé mo wà lẹ́yìn òun. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí bí ó ṣe yẹ kí ọ̀gá máa ṣe sí ọmọ iṣẹ́; n kò rí èyí tó wọ̀ mí lára tó báyìí.

Eruku ń fò nínú iná mi. Baba ní ẹ̀kọ́ kejì nìyẹn: bí o bá rí eruku tó ki débi pé iná rẹ dà bí ọ̀pá, dáwọ́ dúró, jáde. Ṣùgbọ́n iná LED kò lè sọ bóyá afẹ́fẹ́ ṣì wà. Fìtílà elépo àti kábáàdì máa ń rẹ̀ wálẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ń dín, wọ́n á sì kú kó tó di pé ènìyàn dákú. Ti bátìrì á máa tàn lọ lórí òkú. Nítorí náà ni fìtílà elépo kan ṣe ń jó ní ìdí okùn, tí ẹnikẹ́ni tó bá kọjá ń wò ó. Ohun tí òun náà kò lè fi hàn ni èéfín ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó wà lókè kò lè fa omi tó jìn ju nǹkan bíi mítà mẹ́jọ lọ, ìyẹn ló ń mú kí àwọn ẹlòmíràn gbé ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù sọ̀ kalẹ̀. Gáàsì tó ń ti inú èéfín rẹ̀ jáde kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pani. Baba ní nínú ihò tòun, garawa ni wọ́n á fi máa gbọ́n omi títí di alẹ́ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, tó sì ní ọmọ tàbí àbúrò nínú iṣẹ́ yìí, sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn fún un lónìí.

Nígbà tí a jókòó sinmi, wọ́n ń pa iná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ẹyọ kan, wọ́n gbé e dojú kọ òkè àjà ihò náà. Wọn kì í tẹ iná tàn-kú tàn-kú ṣeré, nítorí bí wọ́n ṣe ń ké sí ara wọn nìyẹn bí ohùn kò bá dé. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá ń rẹ̀ á sọ ọ́ síta kíá, ìtìjú kò sí níbẹ̀, ẹnìkan á sì bá a rìn padà.

Lókè, gàrí ni a mu, pẹ̀lú kúlíkúlí líle tó ń ró lẹ́nu. Gàrí wọn kò kan tó ti Ìjẹ̀bú, mo sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kúlíkúlí tiwa náà kò tó nǹkan. Àwọn obìnrin Gbagyi ń gbé òkúta láti ẹnu ihò lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Èjìká ni wọ́n gbé e lé. Gbagyi kì í ru ẹrù lórí. Orí, lójú wọn, ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá iná tí àwọn ọkùnrin ń dè mọ́rí kò lòdì sí èyí. Ó wò mí pẹ̀lú sùúrù, ó ní, "Iná kì í ṣe ẹrù. Iná ń bá orí ṣiṣẹ́." Ó wá sọ ohun tó ń dùn ún lọ́kàn jù: kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ ihò, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń bọ́ ọ, tó ń wẹ̀, kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Ó ti gbọ́ nípa Shikira, ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, níbi tí òjé inú òkúta góòlù ti pa ọmọ 28 ní ọdún 2015. Àwọn ọmọ yẹn kò wọ ihò rí. Eruku ló bá wọn nílé.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la tí mo máa lọ, iná kò tíì dé. Ìpínlẹ̀ Niger yìí ni ibùdó amúnáwá Kainji wà, ibẹ̀ náà ni ti Shiroro tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1990 wà, Zungeru tó tún lágbára mẹgawáàtì 700 wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ sára nọ́ńbà ọkọ̀ wọn pé Power State ni àwọn. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kàwé lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì orí kan tí wọ́n fi kọ́ ìṣó, tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ àjà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè kárí. Ó bí mi nínú fún wọn, ó sì tún ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ èyí. Omi tó ń yí ẹ̀rọ tó ń fún ìlú mìíràn níná kò jìnnà sí ilé wọn.

Ní ibùdókọ̀, Baba ti ń dúró dè mí. Ó fi àpò kékeré kan lé mi lọ́wọ́: tọ́ọ̀ṣì méjì tí wọ́n ti tẹ ike kẹ́ẹ̀gì mọ́ lójú, bátìrì mẹ́rin, àti kúlíkúlí nínú ọ̀rá. Ọmọ òun kan wà ní Ìtàgúnmọ́dì, ó ní, ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo sọ fún un pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ihò tó ṣókùnkùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni ti ibí náà ṣe bẹ̀rẹ̀," ni ó wí. "Bí èyí tó wà lókè bá tán, wọ́n á tẹ̀lé òkúta wọlẹ̀. Kò sí àgbà kankan níbẹ̀ tó máa yẹ iná rẹ̀ wò fún un. Ẹ̀yin onílé, ṣé ẹ máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Mo ní rárá, a kì í dé ibẹ̀. Mo gba nọ́ńbà ọmọ náà, mo bi Baba léèrè irú ilà tó wà ní ojú rẹ̀ àti orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, mo sì sọ fún un pé èmi fúnra mi ni n ó gbé e lọ, n kò ní fi rán ẹnikẹ́ni.